Wọ́n Ní Mo Ti Gbà

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti kékeré ni. Bí wọ́n bá ń jà nínú ilé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń wà, màá máa wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń bínú kì í dúró lójú kan. Ṣùgbọ́n ìbínú tó wà nínú èmi gan-an báyìí, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e pamọ́ sí mọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ìsìlàmíyátù ni orúkọ mi. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí. Ọkọ mi kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo bá padà sí ilé ẹ̀gbọ́n mi, Alfa Mùktárù, ní Sabon Zongo, níbí ní Accra. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé kéwú. Ọmọ méjìdínlógún ló ń gbé ibẹ̀. Èmi ni mò ń se oúnjẹ àárọ̀ wọn kí n tó lọ sí ọjà Makola, èmi náà ni mò ń se ti ìrọ̀lẹ́ bí mo bá dé. Ní Makola, ọṣẹ dúdú ni mò ń tà, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina, ọṣẹ àwa Alata. Orúkọ wa wà lára ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ̀, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n ń pè wá. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá èṣí, ẹgbẹ́ àsàlátù àwa obìnrin ní ká lọ wo ọgbà àti ẹranko ní erékùṣù kékeré kan ní Àdá, níbi tí odò Volta ti ń wọ inú òkun. Ìbídùn, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní òun náà ń bọ̀. Kristẹni ni Ìbídùn.

"Ṣé ẹranko ń béèrè ẹ̀sìn ni?" ló wí, ó sì wọ mọ́tò.

Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ débẹ̀. Mo di ojú mi láti etí odò kan dé èkejì. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀. Ó ku èmi. Omi ṣì wà láàárín ọkọ̀ àti iyanrìn, kò ju orókún lọ, àmọ́ omi ni.

Ọkùnrin tó ń wakọ̀ náà dúró nínú omi, ó ń wò mí. Ó ga, ewú ti gba irùngbọ̀n rẹ̀.

"Àǹtí, a ti dé. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Mi ò sọ̀kalẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Omi ni."

"Omi yìí kì í jẹ èèyàn. Ọ̀nì ló ń jẹ èèyàn, ọ̀nì sì wà nínú ọgbà lọ́hùn-ún."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ó na ọwọ́ sí mi, mo wo ọwọ́ náà.

"Mi ò lè di ọwọ́ ọkùnrin mú."

Kò bá mi jiyàn. Ó gbé àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀, ó na ìdí rẹ̀ sí mi. "Igi nìyí. Kì í ṣe ọkùnrin."

Mo di igi náà mú, mo sọ̀kalẹ̀. Fatawu ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú ọgbà erékùṣù náà, òun ló sì ń mú àlejò yí i ká. Ó ń sọ Yorùbá, àmọ́ ṣe ló ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò débẹ̀ rí, ọgbà náà dára. Inú àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ni ó gbin òdòdó sí, pupa àti funfun. Igi kajú wà, àgbọn pọ̀, ewé tíì hù káàkiri, bí ẹsẹ̀ ẹni bá tẹ̀ ẹ́, òórùn rẹ̀ á gba afẹ́fẹ́. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ti kọ́lé sórí igi àgbọn kan, wọ́n fa ewé rẹ̀ ya tán, ariwo wọn kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Òbọ méjì wá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ Ìbídùn, èyí tó kéré sì fẹ́ fa gèlè rẹ̀ yọ. Ọ̀nì mẹ́ta sùn sétí adágún tí wọ́n fi wáyà ká mọ́. Mi ò sún mọ́ wọn.

Ní ìhà òkun, ó fi ọ̀pá igi ká ibì kan mọ́ nínú iyanrìn. Ó ní alábahun òkun ló yé ẹyin síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa mu omi inú ọ̀rá tán, ó ju ọ̀rá náà sáàárín àwọn ọ̀pá yẹn.

"Màdáámù, ẹ ṣa á!"

Gbogbo wa ta gìrì. Ohùn rẹ̀ le.

"Ọ̀rá lásán ni," obìnrin náà wí.

"Ẹ ṣa á! Bí alábahun bá rò pé oúnjẹ ni, tó gbé e mì, yóò kú. Àwọn èèyàn tún ń wá jí ẹyin náà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyin, kó lọ bá adìẹ! Kí ni nǹkan wọ̀nyí ṣe fún yín? Ṣé nítorí pé wọn ò lè sọ̀rọ̀ ni?"

Obìnrin náà ṣa ọ̀rá rẹ̀, ó ń kùn. Èmi dúró lẹ́yìn, mò ń wo ọkùnrin náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Mo ti rí ọkùnrin tó ń bínú nítorí oúnjẹ, nítorí ipò, nítorí pé wọn kò kí i. Mi ò rí èyí tó ń bínú nítorí ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ rí. Nǹkan kan dún ní àyà mi. Mo ní ebi ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, ó dé sí ìsọ̀ mi ní Makola. Ó ní ọṣẹ ni òun wá rà fún ibi ìwẹ̀ àwọn àlejò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún wá ra ọṣẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún dé.

"Bùọ̀dá Fatawu," Ìbídùn pariwo láti ìsọ̀ tirẹ̀, "ṣé àwọn ọ̀nì náà ti ń wẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń wẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Wọ́n mà mọ́ o! Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ń ta ọṣẹ náà kò lọ́kọ."

Mo ju kóró ọṣẹ lu Ìbídùn. Fatawu rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó ń tijú. Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà, tùwó jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé: Ìsìlá, kí lò ń wá? Ogbó ò ní pẹ́ dé bá ọ. Bí àwọn èèyàn bá rí ọ ńkọ́? Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá gbọ́ ńkọ́? Bí ọ̀sẹ̀ bá sì kọjá tí kò wá, màá máa bínú sí gbogbo oníbàárà.

Nígbà ọyẹ́, Ìbídùn mú mi padà sí erékùṣù náà. Ó ní òun fẹ́ rí òbọ tó fẹ́ jí gèlè òun. Irọ́ ni. Bí a ṣe dé, ó jókòó sábẹ́ igi kajú, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Fatawu mú èmi lọ sí ìhà òkun. Ó fi ipasẹ̀ wẹ́wẹ́ hàn mí lórí iyanrìn, bí ìgbà tí èèyàn fi ìyarun tẹ ilẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ alábahun ti jáde ní ìdájí, wọ́n ti wọ inú òkun lọ.

"Ìyá wọn ńkọ́?" mo bi í.

"Ìyá wọn ti lọ tipẹ́. Wọn ò mọ̀ ọ́n." Ó tẹ ọ̀pá igi kan wọlẹ̀ dáadáa. "Èmi náà ò mọ bàbá mi. Ará Ọ̀fà ni. Oyún mi jẹ́ oṣù mẹ́ta nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn. Ó fi ìyá mi sílẹ̀ ní Àdá, ó ní òun ń padà bọ̀. Yorùbá tí mò ń sọ yìí, lẹ́nu àwọn aláṣọ ọjà Kantamanto ni mo ti kọ́ ọ."

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó ti kọ̀ mí. Ó ní òun ò lè bá ọ̀nì pín ilé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé màá rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi.

"Ìsìlá, mo fẹ́ fi ọ́ ṣe aya."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ipasẹ̀ inú iyanrìn.

"O ò ní dáhùn?"

"Ẹ jẹ́ n bi ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́ ni mo bi!"

"Ṣé ẹ̀ ń jágbe mọ́ mi ni?"

"Rárá. Àwọn ẹ̀gà yẹn ni mò ń jágbe mọ́, kí n lè gbọ́ ohun tí wàá sọ."

Mo wo iyanrìn títí. Mo wo ibi tí Ìbídùn jókòó sí, bóyá ó ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ẹ rán èèyàn wá."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tó bá mọ àṣà wa mọ̀ pé obìnrin tó ní kí wọ́n rán èèyàn wá ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ mọ́ títí a fi dé ilé.

Ìbídùn ni alárinà. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lọ́sàn-án, ó mú arákùnrin ìyá Fatawu wá, bàbá arúgbó apẹja kan láti Àdá tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Mo wà nínú ilé ìdáná, mò ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Wọ́n jókòó lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wàláà àwọn ọmọ kéwú. Bàbá náà gbé nǹkan kan kalẹ̀ tí wọ́n fi bébà dídán wé. Ẹ̀gbọ́n mi tú bébà náà.

"Kí nìyí?"

"Ohun ìkanlẹ̀kùn ni, Alfa," ni Ìbídùn wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Ṣìnáàpù ni!"

"Wọn ò ní kẹ́ ẹ mu ún, sà. Ẹ kàn máa gbà á ni."

"Ọtí! Ìgò méjì! Nínú ilé kéwú!"

Bí wọ́n ṣe wá fẹ́ ọmọ Ìbídùn nìyẹn, ní ilé Kristẹni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé ti wa yàtọ̀, òun náà kò sì béèrè. Bàbá apẹja rí i pé inú ń bí Alfa. Ó fi èdè Ga bi Ìbídùn bóyá méjì ló kéré, kí òun sáré lọ fi ẹyọ kan kún un.

"Ta ni bàbá ọkùnrin tó rán yín?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n.

"Ará Ọ̀fà ni."

"Agbo ilé wo l'Ọ̀fà?"

Ìbídùn kò mọ̀.

"Ẹ ò mọ agbo ilé, ẹ ò mọ bàbá, ẹ gbé ọtí lé mi lórí ẹní. Ẹ dìde. Ẹ gbé e, kẹ́ ẹ jáde!"

Mo dúró sẹ́yìn fèrèsé. Mi ò jáde. Mo gbọ́ bí ìgò ṣe ń kan ìgò bí bàbá arúgbó náà ṣe ń lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo dé ìsọ̀, mi ò kí Ìbídùn.

"Ìsìlá."

"Má pè mí! Ọdún mẹ́sàn-án tí a ti jọ ń jókòó, ṣé o rí mi níbi tí mo ti ń mu ọtí? Ṣé alárinà nìwọ, àbí adàlúrú?"

"Mo ṣe àṣìṣe. Mo jẹ́wọ́. Ìwọ ńkọ́? Nígbà tó ń lé wa, níbo lo wà?"

"Mo wà nínú ilé ìdáná."

"Ṣé iná ló dè ọ́ mọ́lẹ̀? Ọkọ ta ni mo lọ wá? Tèmi ni? Èmi ni ojú tì, bàbá apẹja tí kò mọ ohun tó ṣe ni ojú tì, ìwọ ń ro tùwó!"

Mo tò ọṣẹ mi, mo tú u, mo tún tò ó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò wọlé, kì í wọ ibẹ̀.

"Ìsìlá, Alfa Súràjùdéènì ti tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi."

Alfa Súràjùdéènì ni àgbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ó ní ìyàwó méjì. Ilé rẹ̀ kò ju ilé méjì lọ sí tiwa.

"Kò jìnnà," ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí. "Wàá ṣì lè máa wá se oúnjẹ àwọn ọmọ. Ó ti yanjú. O gbọ́?"

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mì. Ó ti parí ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn rẹ̀ kó tó dé. Mo yíjú sí ìkòkò, bí ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí bàbá wa dúró báyìí bi mí nípa ọkọ mi àkọ́kọ́.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Jímọ̀ yìí ni."

Ó lọ. Ní ọjọ́bọ̀, ìyàwó aládùúgbò kan kí mi ní ẹnu ọ̀nà, "Ẹ kú oríire o. Alfa ní ẹ ti gbà."

"Mo ti gbà? Kí ni mo sọ?"

"Ó ní ẹ dákẹ́."

Mo wọlé, mo jókòó lórí àpótí. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣókùnkùn. Fatawu pè mí lórí fóònù nígbà náà gan-an. Ìbídùn gbọ́ lọ́jà, ó sì ti sọ fún un.

"Ṣé òótọ́ ni pé o gbà?"

"Mi ò gbà."

"Kí lo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìsìlá, ẹyin inú iyanrìn ni mò ń gbẹnu sọ fún, nítorí kò lẹ́nu. Ìwọ lẹ́nu." Ó pa fóònù.

Mo bínú sí i. Mo bínú sí Ìbídùn, sí bàbá apẹja, sí òkú bàbá mi. Ẹni tí mi ò tíì bínú sí ni mo ń se oúnjẹ fún.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ọkùnrin mẹ́fà jókòó sí pálọ̀ wa. Aṣọ tí mo fi ń dáná ló wà lára mi. Wọ́n ti gbé aṣọ tuntun fún mi, mi ò wọ̀ ọ́. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ àdúà, ó ṣe é tán, ó ní, "Èmi tí mo jẹ́ walí, tí mo ń fi Ìsìlàmíyátù fọ́kọ, ẹni tó ti gbà tinútinú—"

Tinútinú! Mi ò mọ ìgbà tí mo ká kọ́tìnì.

"Mi ò gbà."

Ohùn mi kéré. Wọ́n yíjú, bí ẹni pé ajá ló wọlé.

"Ìsìlá, wọlé," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Mi ò gbà! Ẹ ò bi mí! Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ fi mí tọrẹ bí ẹni fi àwo tọrẹ! Ọdún mọ́kànlá, mi ò gbà, mi ò kọ̀, mò ń se tùwó! Mi ò fẹ́ Alfa Súràjùdéènì. Kì í ṣe ẹni burúkú o, àmọ́ mi ò fẹ́ ẹ. Fatawu ní Àdá ni mo fẹ́!"

"Ojú ò tì ọ́? Níwájú àwọn àgbà?"

"Ó tì mí! Ó ń tì mí bí mo ṣe dúró yìí!"

Alfa Súràjùdéènì wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mùktárù, o ní ó ti gbà."

"Ó dákẹ́ nígbà tí mo bi í."

"Ó dákẹ́?" Baba náà dìde. "Ṣé wúńdíá ni? Ìwọ tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ! Wúńdíá ni ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìyọ̀ǹda. Opó, ẹnu ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́. Ṣé o fẹ́ kí n gbé obìnrin tí kò fẹ́ mi wọlé, kí n máa jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù?" Ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó dúró níwájú mi. "O dójú tì mí lónìí, ọmọ yìí. Inú ń bí mi sí ọ. Ṣùgbọ́n ó sàn bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin Àdá yẹn, ṣé ó ń kírun?"

"Ó ń kírun, sà."

"Ó tán." Ó jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró dìgbà tí gbogbo wọn lọ. Ó rọra sọ̀rọ̀, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù lára rẹ̀.

"Bí mo bá wà láàyè, mi ò ní ṣe walí rẹ fún ẹni tí kò ní agbo ilé."

"Kò burú," mo wí. "Màá lọ bẹ Alfa Súràjùdéènì kó ṣe walí mi. Gbogbo Zongo yóò sì béèrè ìdí."

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo pe Fatawu. "Mo ti sọ̀rọ̀," ni mo wí.

"Kí lo sọ?"

"Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há."

"Ta ni màá rán wá báyìí? Ẹ̀rù ti ń ba arákùnrin ìyá mi."

"Ẹ wá fúnra yín. Ẹ mú òróǹbó dání, kẹ́ ẹ má mú nǹkan mìíràn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n so yìgì wa, nínú pálọ̀ yẹn kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe walí. Tòun ti ìbínú ló fi ṣe é, kò wo ojú mi, ó ń já ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́nà bí ẹni ń já okùn. Èmi náà ò dárí jì í. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni, àwa méjèèjì ń wo ògiri. Fatawu wọ jalàbíà funfun, ó ń làágùn, ó ń wò mí láìgbé ojú kúrò, èmi sì mọ̀ pé bí gbogbo ayé bá ń bínú sí mi, ojú méjì yẹn kò bínú.

Mọ́tò ti ń dúró níta. Ìbídùn ti gbé ẹrù mi sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo ń retí kó ṣàdúà fún mi, tàbí kó bú mi. Èyíkéyìí nínú méjèèjì, màá gbà á.

Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ta ni yóò se oúnjẹ àwọn ọmọ lọ́la?" ló bi mí.

Mo dìde. Mo gbọn eruku orókún mi nù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo wí, "iná wà níbẹ̀. Ìkòkò wà níbẹ̀."

Mo sì wọ mọ́tò.